Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin mọ́gàjí àti olórí ẹbí onílẹ̀ ní Òṣogbo: Ẹ jẹ́ kí etí odò ó kù

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ̀yin olórí ẹbí tí ìwé ilẹ̀ wà nínú àpótí yín,

Mo kúnlẹ̀, mo kí yín o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀rọ̀ ilé, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Mo mọ̀ pé obìnrin kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nínú ẹbí, pàápàá èyí tó ti lọ sílé ọkọ. Ẹ forí jì mí. Ẹ fi mí ṣe ọmọdé tó sáré wọlé wá wí pé ọbẹ̀ ń jóná: ẹnikẹ́ni kì í kọ́kọ́ bi í pé kí ló gbé e dé ìdí ààrò.

Ọ̀rọ̀ igbó ni mo bá wá. Igbó díẹ̀ tó kù létí àwọn odò kéékèèké wa lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Ìkìrun, lójú ọ̀nà Ìlobù, lápá Kélébé, níbi gbogbo tí òkúta sọ̀fé ti ń yọrí láàrin koríko bí olú.

Tí ọ̀rọ̀ igbó bá délẹ̀, ìjọba làwọn èèyàn máa ń kọ̀wé sí. Èmi náà ti kọ ọ́ rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí, torí ẹ̀yin lẹ ni igbó. Ẹ má sọ fún mi pé gómìnà ló ni ín. Òótọ́ ni pé òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti kọ́lé ní Òṣogbo ló mọ ilé tí òun gbé ọtí lọ kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ìtàn yìí fún wa. Làróòyè àti Ọlútìmẹ́hìn ọdẹ wá omi títí wọ́n fi dé etí Ọ̀ṣun, wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gégi, igi ńlá kan wó, ó já sínú odò, gbàù! Ohùn kan ké láti inú omi: "Oṣó igbó, ẹ rọra o! Gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Ibẹ̀ ni wọ́n ní Òṣogbo ti gba orúkọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìkòkò aró la máa ń rò; a máa ń rẹ́rìn-ín pé omi odò á ti dúdú lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rí i pé ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rò ní ìlú yìí, ẹjọ́ igi gígé létí odò ni. Kí làwọn bàbá wa sì ṣe? Wọn ò jiyàn. Wọn ò ní àwọn ti sanwó ilẹ̀. Wọ́n bá odò mulẹ̀, wọ́n dì ẹrù wọn, wọ́n sún sókè kúrò létí omi, wọ́n fi igbó náà sílẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, mi ò bọ odò, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àdéhùn.

Igbó tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn náà ni gbogbo ayé ń wá wò lónìí. Hẹ́kítà 75 ni. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Irú ewéko tó wà nínú rẹ̀ lé ní 400, àwọn tí èèyàn ń fi ṣoògùn nínú wọn sì lé ní 200. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀yin àgbà inú wa lè jẹ́rìí: láàrin ọdún 1950 sí 1960, igbó náà fẹ́ẹ̀ pa rẹ́. Wọ́n gé igi rẹ̀, wọ́n gbin tíìkì, igi ilẹ̀ òkèèrè, sápá kan, àwọn ọdẹ ń pa ẹran nínú rẹ̀, àwọn olè ń jí ère gbé. Ta ló gbà á sílẹ̀? Obìnrin kan tó ti Austria wá ní 1950, Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìlú bíi Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Kàsálí Àkàngbé agbẹ́gilére, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́ṣí, àtàwọn àwòrò tí kò tíì sá. Símẹ́ńtì àti amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ère, wọ́n mọ ògiri, wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi tí ojú á ti máa ti èèyàn láti gbé àáké wọ̀. Ní 1965 ni ìjọba tó wá kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ó sì di 1992 kí ìkéde náà tó kárí hẹ́kítà 75.

Ẹ wo bó ṣe tò. Àwọn èèyàn ló kọ́kọ́ dá igbó sí, ìjọba wá bá wọn lórí rẹ̀. Ẹ tún wo nǹkan kejì, òun ló ṣe kókó jù lójú mi: púpọ̀ nínú igbó yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbìn ín. Wọ́n dá ọwọ́ àwa èèyàn dúró ni, igbó sì hù padà.

Mo ń sọ èyí torí pé ayẹyẹ igi gbíngbìn ti pọ̀ jù nílẹ̀ yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ wá sí abúlé wa. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ sí láyà, pẹ̀lú omi inú ọ̀rá. Ìparí oṣù kẹwàá ni, òjò ti ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní igi 500 làwọn kó wá, tíìkì àti mèláínà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n dì í mú kí òun ya fọ́tò. Mo bi í pé ṣé kí n bọ́ ọ̀rá dúdú ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná, mọ́mì, ká ya fọ́tò tán." A ya fọ́tò tán. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ tọ̀rátọ̀rá. Nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ kọjá, mo mú ọmọ mi dání, a lọ kà á. Mọ́kànlá ló kù. Ewúrẹ́ ti gé orí mẹ́rin nínú wọn. Mo fa ọ̀kan tó ti kú tu, mo sì rí i bí gbòǹgbò ṣe pòòyì nínú ọ̀rá, ó yí ara rẹ̀ po bí okùn tí wọ́n ká sínú apẹ̀rẹ̀, kò ríbi lọ.

Mi ò bú wọn. Wọ́n nawó. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa fomi wọ́n igi ní oṣù kìíní, òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, wọn ò sì bá a sọ ọ́. Wọn ò bi wá pé igi wo la fẹ́. Àwa náà ò bi wọ́n pé ta ló máa ni igi náà tó bá dàgbà, torí nínú ọkàn wa, a ti mọ̀ pé tiwọn ni.

Ìyẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀: ta ló ni igi? Ẹ rántí táúńgíyà tí àwọn bàbá wa ṣe nínú igbó ìjọba. Wọ́n á fún àgbẹ̀ nílẹ̀, á gbin iṣu àti àgbàdo rẹ̀, á sì máa bá ìjọba tọ́jú igi gẹdú tó wà láàrin ebè. Tí igi bá ti ga, tí ibòji rẹ̀ bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á kó ẹrù rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí igi bá ṣe ń yè dáadáa sí i ni oúnjẹ àgbẹ̀ ń tán. Ṣé ẹ wá lè bínú sí ẹni tó fi ọkọ́ ṣèèṣì gé ọmọ tíìkì lóru? Nínú oko ara ẹni náà, igi gẹdú tó bá hù, àgbẹ̀ á rò ó pé tó bá dàgbà tán, onígẹdú á gba ìwé àṣẹ, á wọlé, á wó o lu kòkó òun mọ́lẹ̀, á fún òun lówó tí kò tó ra epo. Ó sàn kóun ti fà á tu ní kékeré. Ọ̀pọ̀ ìrókò ilẹ̀ wa ló kú báyìí kí wọ́n tó ga tó orúnkún, mi ò sì rí ẹni tó kà wọ́n mọ́ igi tí wọ́n gé.

Ní orílẹ̀-èdè Niger, lókè lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wọn, ìjọba ló ni gbogbo igi. Aṣálẹ̀ ń jẹ oko wọn. Ọmọ Australia kan, Tony Rinaudo, ti ń gbin igi lágbègbè Máràdí fún ọdún bíi mélòó kan, igi ń kú. Ní 1983 ló ṣàkíyèsí pé ohun tí òun ń pè ní pàǹtí lórí ilẹ̀ oko wọ̀nyẹn, èèhù tó ń sọ láti ara kùkùté ni. Gbòǹgbò ṣì wà láàyè lábẹ́ ilẹ̀. Ọdọọdún làwọn àgbẹ̀ ń bẹ́ èèhù náà dànù. Ó ní kí wọ́n yan ọ̀kan tàbí méjì lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gé ìyókù, kí wọ́n jẹ́ kó ga. Nígbà tí àṣẹ wá rọ̀, tí àgbẹ̀ rí i pé ẹni tó tọ́jú igi ló máa ṣẹ́ ẹ dáná, ló máa tà á, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilẹ̀ tí igi ti padà sí báyìí ní Niger tó nǹkan bíi mílíọ̀nù hẹ́kítà márùn-ún. Òjò tiwọn ò tó ìdajì tiwa.

Ẹ̀yin tẹ ẹ́ ní ti Niger jìnnà, ẹ wo Ekuri ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Abúlé méjì ni wọ́n, igbó tí wọ́n jọ ń ṣọ́ tó hẹ́kítà 33,600. Àwọn onígẹdú fẹ́ ra igbó wọn, wọ́n sì kọ̀. Wọ́n pín igbó náà fúnra wọn: ibí fún oko, ibí fún igi títà níwọ̀n, ibí kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé nǹkan kan. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún wọn ní ẹ̀bùn lórí rẹ̀ ní 2004. Kì í ṣe pé wọ́n lówó jù wá. Wọ́n jókòó jọ kí ẹni tó fẹ́ rà tó dé ni.

Mo padà sílé. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn oko bàbá mi, ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀, torí ẹ ó mọ ẹbí wa. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹbí ta apá òsì rẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì. Ọjọ́ méjì péré ni ẹ̀rọ ìgégi fi dún. Mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, omi funfun bíi wàrà ṣì ń sun lára kùkùté ìrókò, àwọn eèrà ti yí i ká. Mo wọn ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú apá mi: apá mi méjèèjì tí mo nà tàntàn ò kárí rẹ̀. Onígẹdú tó gé e ń mu gààrí lórí rẹ̀. Ó kí mi dáadáa. Ọmọlúàbí ni.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níbí kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ lẹ́yìn mi: mo jẹ nínú owó ilẹ̀ yẹn. Ìpín tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ, òun ni mo fi san owó ilé-ìwé ọmọ mi kejì. Mo dúpẹ́ nígbà náà. Torí náà, mi ò wá bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ la fi ń gbé òkú sin, òun la fi ń san owó ilé-ìwòsàn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ta ilẹ̀ mọ́ rárá ò tíì gbé nínú agbo ilé wa rí.

Ọdún tó tẹ̀lé e, odò náà gbẹ ní oṣù kejì. Látìgbà tí mo ti dé'lé ayé, kò gbẹ rí. Ó lè tín-ín-rín, kì í gbẹ. Ní oṣù keje, ó kún, ó wọ ilé méjì nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí etí rẹ̀. Ẹni tó ni ọ̀kan wá sí agbo ilé wa, ó ń pariwo pé a ta omi fún òun. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tọ̀nà. Tí igi ò bá sí létí odò, òjò á ṣàn wẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀ dípò kó rọra rin wọlé. Ilẹ̀ ò ní rí nǹkan fi pamọ́ fún ọ̀gbẹlẹ̀, iyanrìn á sì máa wọ́ lọ sínú odò Gbódòfọ́n, láti ibẹ̀ sínú Ọ̀ṣun. Ní 2022, omi Ọ̀ṣun pọ́n débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ kí àwọn olùjọsìn má mu ún lásìkò ọdún. Gbogbo wa dá àwọn awakùsà góòlù apá Ìjẹ̀ṣà lẹ́bi, wọ́n sì jẹ̀bi. Ẹrẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìnkùlé tiwa ṣàn wọ̀ ọ́ ńkọ́?

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ rí i pé àwọn kùkùté apá ọ̀tún, níbi tí wọ́n gé igi díẹ̀ sí láì tíì tà á, ti ń sọ. Ìyeyè, àyìnrẹ́, akòko, ìrókò kékeré kan. Kùkùté àyìnrẹ́ kan ní èèhù mẹ́rìnlélógún, mo kà á. A fi àdá tó mú yọ wọ́n ku méjì. A fi oparun sọ ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. A gbá etí igbó náà mọ́, kí iná ọdẹ má baà rí ewé gbígbẹ gbà kọjá. Ìjà ńlá tí a jà, pẹ̀lú ewéko yẹn ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá tí àwọn kan sì ń pè ní Awólọ́wọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn bàbá wa parí ìjà òṣèlú wọn lọ́run. Nínú oko, alágídí ni àwọn méjèèjì. A kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kúrò lórí èèhù títí ibòji fi dé. Ibòji ló pa á.

Òjò mẹ́ta ló ti rọ̀ sí i báyìí. Àyìnrẹ́ ti ga ju òrùlé lọ. Owó tí a ná ò ju ti oparun àti ti oúnjẹ àwọn tó bá wa ṣọgbà. Mi ò ra igi kan. Odò ò tíì padà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n lọ́gbẹlẹ̀ tó kọjá, tí èèyàn bá fi ọwọ́ wa iyanrìn abẹ́ ìyeyè, omi á sun.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbin igi o. Ibi tí kùkùté ò bá sí, ẹ gbìn ín. Ẹ kàn gbìn ín nígbà tí òjò bá ti dúró sójú kan, ní oṣù karùn-ún sí ìkeje, kí gbòǹgbò tó wọlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ bọ́ ọ̀rá. Ẹ sì fi ọkàn sí irú igi. Ìrókò kì í fẹ́ kí wọ́n tò ó sójú oòrùn bí ọmọ ilé-ìwé. Kòkòrò kékeré kan wà tó máa ń ba lé ọmọ ìrókò, ewé rẹ̀ á wú kókókókó, orí rẹ̀ á rà. Àárín igi mìíràn, lábẹ́ ibòji, ló ti ń rọ́nà dàgbà. Arère, èso rẹ̀ kì í pẹ́ kú, kò ṣeé kó pamọ́ di àmọ́dún; ìdí ìyá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣà á, kẹ́ ẹ sì gbìn ín kíákíá. Ìrókò tún ní akọ, ó ní abo, àdán ló sì ń jẹ èso abo, tó ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Ẹni tó bá gé ìrókò kan ṣoṣo tó kù lágbègbè, kò mọ̀ bóyá ọkọ ló pa tàbí ìyàwó. Igi ńlá kọ̀ọ̀kan tó ṣì dúró, ìyá ọlọ́mọ ni. Kò sí nọ́sìrì tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rántí ìyá bàbá mi díẹ̀. Aláró ni. Èlú tó fi ń rẹ aró, ìtàkùn ni, tó ń gun igi nínú igbó. Wọ́n á já ewé rẹ̀, wọ́n á gún un nínú odó títí á fi dúdú, wọ́n á mọ ọ́n róbótó bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á sá a. Eérú igi ni wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀ láti inú ìkòkò tó nídìí lílu, kán-án, kán-án, òwúrọ̀ dalẹ́. Òórùn aró tó kan dáadáa kì í ṣe fún ẹni tí inú rẹ̀ ò le. Èékánná màmá ò funfun rí títí a fi sin wọ́n. Ìlú aró ni wọ́n ń pè wá, aró inú ike la sì ń rà báyìí. Ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ náà, abẹ́ igi ló ń hù. Àwọn ìyá tó ń tà á lọ́jà sọ fún mi pé ọ̀nà ibi tí àwọn ti ń já a ń jìn sí i lọ́dọọdún, ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá pọ́n mọ́ínmọ́ín kiri. Ìgbín, olú, ewé, ìtàkùn, gbogbo ìyẹn lówó. Àmọ́ owó obìnrin ni, kì í hàn nínú ìwé ilẹ̀.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín nìyí. Kí ẹbí kọ̀ọ̀kan tí odò gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá wọn ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ láti etí omi, lọ́tùn-ún, lósì, kó sì jókòó, kó sọ pé èyí ò sí fún títà. Kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí sọ̀féyọ̀ fà á sínú ìwé, torí àwa tí a mulẹ̀ lónìí, a ó kú, àwọn ọmọ wa á sì mú ìwé jáde. Kí àwọn tó bá fẹ́ ta, ta lókè, níbi tí omi ò ní lé ẹni tó rà á kúrò nílé. Àwọn ìyá eléwé, àwọn ọdẹ tó mọ ibi tí iná máa ń gbà wọlé, àwọn aláró mélòó kan tó kù, kí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìjókòó náà. Kẹ́ ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ síta kí wọ́n máa gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ẹni tó bá gé igi níbẹ̀, kó san owó ìtanràn fún ẹbí, bí ẹ ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó jà nínú ìpàdé. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe ń fìyà jẹ èèyàn, mi ò lè kọ́ yín.

Tí ẹbí bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá lẹ́nu láti bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ẹ lè sọ fún wọn pé igi tí àwọn ọmọ ẹbí tọ́jú, kí òfin kọ ọ́ kedere pé ti ẹbí ni. Ẹ lè ní kí wọ́n fún yín ní ọmọ arère, ọmọ ọ̀mọ̀, ọmọ ọ̀gánwó dípò tíìkì. Àwọn aláàfáà inú wa lè sọ ọ́ ní wáàsí pé sàdákà tí kì í tán ni, àwọn pásítọ̀ náà ní ọ̀nà tiwọn, àwọn àwòrò ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

Ó ku ohun kan, ti agbo ilé wa ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní agbo ilé tiyín náà. Wọ́n ní ẹnìkan ti sanwó àsansílẹ̀ lórí apá ọ̀tún odò wa, ibi tí àyìnrẹ́ wà. Sọ̀féyọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní dènà fún un, mi ò sì ní pariwo. Mo kàn bẹ̀ yín kẹ́ ẹ tètè dé kóun tó dé, ní agogo méje, kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tó lè tẹ omi. Mo ti gé ọgbọ̀n èèkàn oparun sílẹ̀, mo sì ti kun orí wọn ní aró kó lè hàn láàrin koríko. Ká jọ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti etí omi, ká rì wọ́n mọ́lẹ̀, kí sọ̀féyọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ láti ibi tí èèkàn bá parí sí.

Èmi ọmọ yín,
láti Òṣogbo